Ọmọbìnrin Tí A Fi Sí Ọ̀dọ̀ Wa: Ẹ̀kọ́ Ìwé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Gẹ́gẹ́ bí Ojúṣe Onígbàgbọ́

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN KATEKÚMÉNÌ

Ìwé Mímọ́ tí a ó kà: Ìhìnrere ti Máàkù Mímọ́, orí 5, ẹsẹ 21 sí 24 àti ẹsẹ 35 sí 43.

Ẹ ti kọ́ nípa Òfin Mẹ́wàá, ẹ sì mọ̀ pé òfin keje kọ olè jíjà. Lónìí, a fẹ́ mú òfin náà wọ inú ilé wa, kí a wo ẹnì kan tí ó sábà máa ń wà níbẹ̀ tí ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni náà ni ọmọbìnrin tí a mú wá láti abúlé, tí kì í ṣe ọmọ bíbí inú wa, tí ó ń pọn omi, tí ó ń gbálẹ̀, tí ó sì ń kiri ọjà fún wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi sùúrù ka Ìwé Mímọ́ tí a dárúkọ lókè yìí, kí a tó tẹ̀síwájú.

1. Ohun tí Jésù ṣe ní ilé Jáírù

Olórí sínágọ́gù ni Jáírù. Ẹni ńlá ni ní ìlú rẹ̀, síbẹ̀ ó wólẹ̀ ní ẹsẹ̀ Jésù lójú gbogbo ènìyàn nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń kú lọ. Ọmọ ọdún 12 ni ọmọ náà. Kí wọ́n tó dé ilé, àwọn kan wá sọ pé ọmọ ti kú, pé kí Jáírù má ṣe yọ Olùkọ́ lẹ́nu mọ́. Jésù kò fetí sí wọn. Ó wọ ilé náà, ó ní kí àwọn tí ń fi òun rẹ́rìn-ín bọ́ síta, ó mú baba àti ìyá ọmọ náà wọ yàrá, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì pàṣẹ fún un kí ó dìde. Ọmọ náà dìde, ó sì ń rìn.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta. Èkíní, Jáírù kò sọ pé obìnrin ṣáà ni, òun yóò bí òmíràn. Èkejì, Jésù kò rán ẹlòmíràn sí ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn iṣẹ́ ìyanu ńlá yìí, Jésù ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní oúnjẹ. Ẹni tí ó jí òkú dìde kò ṣaláìlè pèsè oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ará ilé. Ọlọ́run a máa ṣe èyí tí agbára ènìyàn kò ká, a sì máa fi èyí tí agbára ènìyàn ká sílẹ̀ fún ènìyàn láti ṣe. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ìyè, àwa ni a ó bọ́ ọ, àwa ni a ó sì tọ́ ọ dé ibi tí yóò ti lè dá dúró.

Ọmọbìnrin Jáírù ní baba tí ó bẹ̀bẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 12 ní àwọn ìlú wa ni baba wọn wà lóko ọ̀nà jíjìn, tí kò tilẹ̀ mọ ilé tí ọmọ òun ń sùn. Ta ni yóò tọ Jésù lọ nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

2. Àṣà rere tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa

Kì í ṣe ohun búburú láti gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Pọ́bẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, ó ti pẹ́ tí àwọn òbí ti ń fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn, kí ọmọ lè kọ́ ìwà, kí ó kọ́ òwò, kí ó sì mọ ẹbí rẹ̀. Ẹni tí ó gba ọmọ mọ̀ pé ojú ẹbí ń bẹ lára òun. Bí ọmọ bá rù, wọn yóò bèèrè. Nígbà tí ó bá tó lọ sí ilé ọkọ, alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò bá a di ẹrù.

Ṣùgbọ́n ìlú ti fẹ̀, ojú ẹbí kò sì tó ibi gbogbo mọ́. Àwọn alágbàtà bọ́ sí àárín. Wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń ṣe ìlérí ilé-ìwé fún àwọn òbí tí òṣì ń bá fínra, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń kó ọmọ wá fún. Àwọn ará wa tí ń sọ èdè Fọ̀n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní vidomègon, èyíinì ni ọmọ tí a fi sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kò sí èébú nínú orúkọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyà tí a fi kún un ni ó sọ ọ́ di ohun tí ń dun ni láti gbọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Etireno padà sí èbúté Kùtọnù pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọn kò gbà á ní Gàbọ́ọ̀nù. Gbogbo ayé ni ó gbọ́ ìròyìn náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè: ọmọ tí a gbé sọdá òkun àti ọmọ tí a gbé láti abúlé wá sí àdúgbò wa, kí ni ìyàtọ̀ wọn, bí a bá ṣèlérí fún àwọn òbí àwọn méjèèjì tí a kò sì mú un ṣẹ?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ kan péré nínú ayé irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ ni ó ti jí. Ó pọn omi, ó gbálẹ̀, ó fọ àwo alẹ́ àná, ó wẹ àwọn ọmọ ilé, ó sì gbé àpò ìwé wọn tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Àwọn wọlé, òun yí padà. Ó lọ gbé igbá ẹ̀pà tàbí omi tútù sórí, ó sì kiri títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí owó ọjà kò bá pé, ẹgba ni. Oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù ni oúnjẹ rẹ̀, ẹní ilé ìdáná ni ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọdọ́, àwọn ọkùnrin tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run mọ̀ pé kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Bí ó bá lóyún, wọn a dá a padà sí abúlé bí ẹrù tí ó bàjẹ́, láìmọ ìwé, láìmọ iṣẹ́.

A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé rí. Àwọn alágbàtọ́ kan wà tí wọ́n tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ju bí òbí rẹ̀ ì bá ti lè ṣe lọ. Kí Ọlọ́run san án fún wọn. Àwọn ni wọ́n fi hàn wá pé ó ṣeé ṣe.

3. Ohun tí Ìjọ ń kọ́ wa

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí 1, ẹsẹ 27, kọ́ wa pé ní àwòrán ara rẹ̀ ni Ọlọ́run dá ènìyàn, àti akọ àti abo. Nítorí náà, iyì ọmọbìnrin kì í ṣe ẹ̀bùn ọkọ tàbí ti ọ̀gá. Ọlọ́run ni ó fi í sí i lára.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1965, Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì kéde nínú ìwé Gravissimum Educationis pé gbogbo ènìyàn, ipòkípò tí wọ́n bá wà, ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, nínú ìwé Gaudium et Spes, ìpín 29, Ìgbìmọ̀ náà kẹ́dùn pé ní ibi púpọ̀ a kò tíì fún obìnrin ní irú ẹ̀kọ́ tí a ń fún ọkùnrin. Ìwé Katekísímù Ìjọ Kátólíìkì, ìpín 2414, wá sọ fún wa pé òfin keje kọ gbogbo ìṣe tí ń sọ ènìyàn di ẹrú tàbí ọjà, nítorí èrè tàbí nítorí ohun mìíràn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2011, ní Wídà, lórí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, Pópù Benedict Kẹrìndínlógún fọwọ́ sí ìwé Africae Munus. Nínú rẹ̀, ó ka àwọn ọmọ tí a ń fi ipá mú ṣiṣẹ́ mọ́ àwọn tí ìyà ń jẹ ní Áfíríkà.

Òfin ìlú náà kò dákẹ́. Òfin Ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di dandan. Ní ọdún 2006, ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, òfin lòdì sí kíkó ọmọ tà sì jáde ní ọdún kan náà. Ìwé Òfin Ọmọdé tẹ̀ lé e ní ọdún 2015. Òfin lè ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jí ọmọ náà ní òwúrọ̀ ni yóò pinnu bóyá ìwé ni yóò gbé tàbí igbá.

4. Maria Domenica Mazzarello Mímọ́

Ní ọdún 1837 ni a bí Maria Domenica Mazzarello ní Mornese, abúlé kan ní Ítálì. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, òun náà sì jẹ́ alágbára nínú iṣẹ́ oko. Ní ọdún 1860, ibà àjàkálẹ̀ wọ abúlé náà. Ó lọ tọ́jú àwọn ìbátan rẹ̀ tí ibà mú, ibà náà sì mú òun pẹ̀lú. Ó yè é, ṣùgbọ́n agbára tí ó fi ń ṣe oko kò padà mọ́. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà náà.

Kò jókòó sunkún. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Petronilla lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ télọ̀ abúlé wọn, kí wọ́n lè kó àwọn ọmọbìnrin jọ, kí wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì kọ́ wọn láti mọ Ọlọ́run. Yàrá kan, abẹ́rẹ́, òwú àti àwọn ọmọbìnrin díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, oníṣòwò kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí òwò sì ń gbé kiri, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun tọ́jú àwọn ọmọbìnrin òun méjì. Báyìí ni ilé ìránṣọ náà di ilé ọmọ. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ tí a fi sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi wọ́n sí, wọ́n rí iṣẹ́ kọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1872, òun àti Don Bosco Mímọ́ dá ẹgbẹ́ àwọn Màsẹ́ẹ̀rì Ọmọbìnrin Maria Olùrànlọ́wọ́ sílẹ̀. Maria Domenica fúnra rẹ̀ kò mọ ìwé kọ nígbà èwe. Ó ti dàgbà, ó ti di olórí àwọn ẹlòmíràn, kí ó tó jókòó bí ọmọdé láti kọ́ ọ. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1881, Pópù Pius Kejìlá sì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọdún 1951.

Iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Kùtọnù, àwọn Màsẹ́ẹ̀rì ẹgbẹ́ yìí lọ bá àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri nínú ọjà Dantokpa níbi tí wọ́n wà gan-an. Wọ́n dá Foyer Laura Vicuña sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ibi ààbò, wọ́n sì dá Maison de l'Espérance sílẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti kọ́ oúnjẹ sísè, búrẹ́dì ṣíṣe àti ọṣẹ ṣíṣe. Wọn kò kàn fún ọmọ ní oúnjẹ ọjọ́ kan. Wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi máa bọ́ ara rẹ̀.

5. Ìdí tí ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ jọ rìn

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan tó fún ọmọ tálákà. Ẹ wo aránṣọ tí kò mọ ìwé. Bí oníbàárà márùn-ún bá mú aṣọ wá lọ́jọ́ kan, níbo ni yóò kọ ìwọ̀n èjìká, àyà àti gígùn wọn sí? Bí ó bá gbàgbé, aṣọ bàjẹ́, owó sì lọ. Ẹ wo ẹni tí ń ṣe ọṣẹ tí kò lè ka ìwọ̀n sódà tí a kọ sára páálí: ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò bó. Ẹ wo ìyá tí kò lè ka ohun tí a kọ sára ìgò oògùn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí ó ti kúrò ní ilé-ìwé nígbà tí ó pẹ́, tí ó ti di ọmọ ọdún 15 tàbí 16, kò lè fi ìwé kíkà nìkan jẹun. Iṣẹ́ ọwọ́ yóò jẹ́ kí ó ní owó tirẹ̀, kí ó má baà di ẹni tí ń gba ọkùnrin èyíkéyìí nítorí oúnjẹ.

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dá ìwé ẹ̀rí méjì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: CQP, tí a là sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti dé ìpele ìkẹyìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti CQM, fún àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ọ̀nà àtijọ́. Nítorí náà, ọmọ tí a jẹ́ kí ó parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà ni a ṣí fún un.

Kí ẹni tí ó bá fi ọmọ sí ẹnu iṣẹ́ rántí ìparí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tí kò rí owó ìdáǹdè san fún ọ̀gá, tàbí tí ó gba ìdáǹdè tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ máa fi owó díẹ̀ pamọ́ ní orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

6. Àwọn àwáwí wa

Ẹnìkan lè sọ pé, “Èmi náà jìyà bẹ́ẹ̀ nígbà èwe mi, kò sì pa mí.” Òótọ́ ni pé kò pa ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ bí ó ti dùn ọ́ tó. Ọlọ́run rán àwọn ọmọ Ísírẹ́lì létí pé wọ́n ti ṣe ẹrú rí ní Íjíbítì, kí wọ́n má baà ni àlejò lára.

Ẹlòmíràn lè fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀, pé ọmọ ẹni kò ní í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí ó ní kí a bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lára ọmọ wa. Ohun tí Ọlọ́run kọ̀ ni kí a fi òógùn ọmọ ẹlòmíràn ra ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ wa.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, “Tálákà ni èmi náà, ta ni yóò bá mi ṣiṣẹ́ bí ọmọ bá lọ sí ilé-ìwé?” Ìbéèrè gidi ni èyí. Bí agbára wa kò bá ká a láti tọ́ ọmọ náà bí ọmọ, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún òbí rẹ̀, kí a má gbà á. Bí ó bá sì ti wà lọ́dọ̀ wa, kí gbogbo ọmọ ilé, ọkùnrin àti obìnrin, pín iṣẹ́ ilé láàrín ara wọn. Igbá omi kò mọ ọmọ bíbí yàtọ̀ sí ọmọ àgbàtọ́.

7. Sí ọmọbìnrin tí ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí

Ó lè jẹ́ pé ìwọ gan-an ni ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí o jókòó sẹ́yìn nínú ìjókòó àwọn katekúménì, tí o sì ń gbọ́. Ọmọ wa, ìyà tí ń jẹ ọ́ kì í ṣe ìdájọ́ Ọlọ́run lórí rẹ. Ọlọ́run ní kí a bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n kò pàṣẹ pé kí o dákẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń lù ọ́ ní ìlù ìkà tàbí tí ó fọwọ́ kàn ọ́ ní ọ̀nà àìtọ́. Sọ ọ́ fún katekísì rẹ, fún Màsẹ́ẹ̀rì, tàbí fún ìyá kan nínú ìjọ tí ọkàn rẹ balẹ̀ sí. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbà ọ́ gbọ́, sọ fún ẹlòmíràn. Orúkọ tí a ó fún ọ ní ọjọ́ ìrìbọmi rẹ, orúkọ ọmọ Ọlọ́run ni, kì í ṣe orúkọ ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

8. Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ṣé ọmọbìnrin tí a fi sí ọ̀dọ̀ wa ní iyì kan náà pẹ̀lú ọmọ bíbí inú wa?
Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run kan náà ni ó dá wọn, Kristi kan náà ni ó kú fún wọn.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ ṣiṣẹ́ nínú ilé?
Ìdáhùn: Rárá. Iṣẹ́ tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, tí àwọn ọmọ ilé jọ ń ṣe, ẹ̀kọ́ ni. Iṣẹ́ tí ó gba ilé-ìwé, oorun, ìlera tàbí iyì lọ́wọ́ ọmọ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni ẹni tí kò fi ọmọ náà sí ilé-ìwé tàbí iṣẹ́, tí kò sì san nǹkan kan fún un, ṣe ń rú òfin keje?
Ìdáhùn: Ó jí òógùn rẹ̀, ó sì jí ọjọ́ iwájú rẹ̀. Jákọ́bù Mímọ́ kọ́ wa, ní orí 5, ẹsẹ 4, pé owó iṣẹ́ tí a dá dúró ń ké sí Ọlọ́run.

Ìbéèrè: Ṣé ìrìbọmi pa gbèsè tí a jẹ ọmọ náà rẹ́?
Ìdáhùn: Ìrìbọmi ń wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó ronú pìwà dà nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ronú pìwà dà ní tòótọ́ yóò dá ohun tí ó gbà padà, gẹ́gẹ́ bí Sákéù ti ṣèlérí nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀ (Lúùkù 19, 1 sí 10).

9. Àyẹ̀wò ọkàn àti iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí

Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ níwájú Ọlọ́run: Ǹjẹ́ ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ilé mi? Ǹjẹ́ mo mọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀? Ìlérí wo ni mo ṣe fún àwọn òbí rẹ̀, ǹjẹ́ mo mú un ṣẹ? Ibo ni ó ń sùn, kí ni ó sì ń jẹ? Ǹjẹ́ èmi fúnra mi ti fi ọmọbìnrin mi ránṣẹ́ síbi kan tí n kò bẹ̀ wò láti ìgbà náà?

Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣe ohun kan ní ọ̀sẹ̀ yìí: kí ó lọ bá olórí ilé-ìwé nítorí ọmọ náà, tàbí kí ó wá ọ̀gá oníṣẹ́ tí ó ní ìwà rere fún un, tàbí kí ó mú un lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Kí ẹni tí kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé wo àdúgbò rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ lè fi wákàtí kan lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi kọ́ ọmọbìnrin kan láti kọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí a bá tún pàdé, katekísì yóò bèèrè lọ́wọ́ yín ohun tí ẹ ti ṣe.

Àdúrà

Olúwa Jésù, ìwọ tí o di ọwọ́ ọmọbìnrin Jáírù mú, la ojú wa kí a lè rí ọmọ tí ó wà nínú ilé wa. Dárí jì wá fún òógùn tí a jẹ láìsan án. Fún wa ní ìgboyà láti dá padà ohun tí a gbà, kí ọmọ tí a fi sí ọ̀dọ̀ wa lè dìde, kí ó rìn, kí ó sì jẹun láti inú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Maria Domenica Mazzarello Mímọ́, gbàdúrà fún wa. Àmín.